Ohun tí Ìsúnmọ́ Òṣùpá Ń Ṣe àti Ohun tí Kò Ṣe

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn oníròyìn àti àwọn tí ń ka ìròyìn káàkiri ayé pé, ní alẹ́ tí òṣùpá bá ṣe àrànmọ́jú, tí ó sì tún súnmọ́ ilẹ̀ ayé ju bí ó ti máa ń súnmọ́ ọn lọ, ohun abàmì ni ó ṣẹlẹ̀: pé òṣùpá náà yóò tóbi débi pé gbogbo ojú ni yóò rí ìyàtọ̀, pé òkun yóò ru, pé ilẹ̀ lè mì tìtì, àti pé irú rẹ̀ kì í wáyé àfi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Supermoon ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òṣùpá ràbàtà bá a mu ní Yorùbá. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ibi tí ìsúnmọ́ òṣùpá kò ti já mọ́ nǹkan kan ni ó ń tọ́ka sí, ó sì ń mú ojú àwọn ènìyàn kúrò níbi tí ìsúnmọ́ náà ti ń ṣe iṣẹ́ gidi, ìyẹn nínú bí òṣùpá ti ń yára tó, nínú gígùn oṣù, àti nínú ohun tí oòrùn ń fi ipa ọ̀nà òṣùpá ṣe.

Orísun orúkọ náà sọ púpọ̀ nípa ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe onímọ̀ sánmà, ìyẹn ẹni tí ń fi ìwọ̀n àti ìṣirò ṣe ìwádìí àwọn ohun ojú ọ̀run, ni ó fún un lórúkọ. Richard Nolle, ará Amẹ́ríkà kan tí ń wo ìràwọ̀ láti fi sọ àsọtẹ́lẹ̀, ni ó gbé e jáde ní 1979. Ó ní òṣùpá tuntun tàbí àrànmọ́jú yòówù tí ó bá bọ́ sí ìgbà tí òṣùpá ti dé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìsúnmọ́ rẹ̀ ni kí a máa pè bẹ́ẹ̀, ó sì so ìjì, ìkún omi àti ìmìtìtì ilẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí òfin ẹ̀dá kan tí ó yan 90 dípò 85 tàbí 95. Nítorí pé ìlà tí ó fà náà fẹ̀, òṣùpá àrànmọ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó sábà máa ń bọ́ sínú rẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn òṣùpá tuntun tí iye wọn kò jìnnà sí èyí sì ń bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ òṣùpá tuntun gan-an kò ṣeé fi ojú rí. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ìgbà mẹ́fà lọ́dún, tí bí ìdajì rẹ̀ sì pamọ́ fún ojú, ni a wá ń kéde bí ẹni pé ẹnì kan kò rí irú rẹ̀ rí.

Kí àríyànjiyàn yìí tó lè yéni, ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, ìyẹn ìrísí òṣùpá àti ìjìnnà rẹ̀, nítorí pípa tí a pa wọ́n pọ̀ ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀. Òṣùpá kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó ń tàn padà, gẹ́gẹ́ bí Anaxagoras ti kọ́ àwọn ará Athens ní ohun tí ó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn. Ní gbogbo ìgbà ni oòrùn ń tàn sí ìdajì rẹ̀. Ohun tí ń yí padà ni bí ìdajì tí ó mọ́lẹ̀ náà ti kọjú sí ilẹ̀ ayé tó. Nígbà tí òṣùpá bá wà ní apá ibi tí oòrùn wà, ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ṣókùnkùn ni ó kọ sí wa, èyí sì ni òṣùpá tuntun. Nígbà tí ó bá wà ní òdìkejì oòrùn, gbogbo ojú rẹ̀ a mọ́lẹ̀ kedere, èyí sì ni àrànmọ́jú. Láti òṣùpá tuntun kan sí èkejì jẹ́ ọjọ́ 29.53 bí a bá pín in dọ́gba. Àwọn tí wọ́n rò pé òjìji ilẹ̀ ayé ni ó ń bu òṣùpá jẹ díẹ̀díẹ̀ kò ro ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀, nítorí pé òdìkejì oòrùn nìkan ni òjìji ayé máa ń wà, òṣùpá àrànmọ́jú nìkan ni ó sì lè wọ inú rẹ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 2025 tí òṣùpá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀run Áfíríkà. Ipa ọ̀nà òṣùpá sì fi nǹkan bí dìgírì 5 tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdí nìyẹn tí irú rẹ̀ kì í fi í ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù.

Ìjìnnà ní ìṣirò tirẹ̀. Ipa ọ̀nà tí òṣùpá ń gbà yí ilẹ̀ ayé po kì í ṣe òbìrìkìtì gédégédé. Ó gùn díẹ̀, ilẹ̀ ayé kò sì sí ní àárín rẹ̀ gan-an. Ní ibi ìsúnmọ́, ìyẹn ibi tí òṣùpá ti súnmọ́ ayé jùlọ nínú ìrìn kọ̀ọ̀kan, ó lè tó 356,400 kìlómítà sí wa. Ní ibi ìjìnnà, tí í ṣe òdìkejì rẹ̀, ó lè tó 406,700. Láti ibi ìsúnmọ́ kan sí èkejì jẹ́ ọjọ́ 27.55. Ìṣirò méjèèjì yìí kò bára wọn dọ́gba; ọjọ́ méjì ni ọ̀kan fi ń ṣáájú èkejì, nítorí náà ibi ìsúnmọ́ ń bọ́ sí àrànmọ́jú nígbà kan, ó ń bọ́ sí ìdajì òṣùpá nígbà mìíràn, ó sì ń bọ́ sí òṣùpá tuntun lẹ́yìn náà. Oṣù 14 tí a fi ìrísí kà àti ìrìn 15 tí a fi ìsúnmọ́ kà fẹ́rẹ̀ẹ́ bára wọn dọ́gba ní ọjọ́ 413, ìyẹn ọdún kan àti bí ọ̀sẹ̀ méje. Àrànmọ́jú tí ó bá ibi ìsúnmọ́ pàdé lónìí yóò tún bá a pàdé lẹ́yìn ọjọ́ 413, bóyá ìwé ìròyìn kọ ọ́ tàbí kò kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ títóbi ni ó kàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá 2016, gbogbo ayé ni a pè síta láti wá wo òṣùpá tí irú rẹ̀ kò súnmọ́ wa bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní 1948, tí irú rẹ̀ kò sì ní wáyé mọ́ títí di ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 2034. Òótọ́ ni gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìjìnnà òṣùpá ti 2016 jẹ́ 356,509 kìlómítà, ìyàtọ̀ tí ó sì wà láàárín rẹ̀ àti ti 1948 kò tó ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Kò sí ojú ènìyàn tí ó lè mọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ fi òṣùpá tí ó súnmọ́ jùlọ wé èyí tí ó jìnnà jùlọ, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀kan fi fẹ̀ ju èkejì lọ. Bí a bá sì fi wé òṣùpá àárín, ìyẹn èyí tí àwọn ènìyàn ń rí lọ́pọ̀ ìgbà, kò ju bí ìdá 7 lọ. Bí oṣù méje ni ó sì wà láàárín àrànmọ́jú tí ó súnmọ́ jùlọ àti èyí tí ó jìnnà jùlọ, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè rí méjèèjì pọ̀ kí ó fi ọ̀kan wé èkejì. Àwọn tí wọ́n sọ pé àwọn rí ìyàtọ̀ ńláǹlà kò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí kì í ṣe ìsúnmọ́.

Ohun tí wọ́n rí ni òṣùpá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Bí òṣùpá bá wà ní ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run, ní ẹ̀gbẹ́ òrùlé ilé àti orí igi, ọpọlọ ènìyàn a máa kà á sí ohun títóbi. Bí ó bá sì gòkè dé àárín ọ̀run, ó dà bí ẹni pé ó súnkì. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ rẹ̀ tán, tí ó fi ọmọńdinrín ìka bo òṣùpá nígbà tí ó ń yọ, tí ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní àárín òru, yóò rí i pé ìka kan náà bò ó mọ́lẹ̀ nígbà méjèèjì. Ohun tí ó tilẹ̀ yani lẹ́nu jù ni pé òṣùpá tí ń yọ jìnnà sí ẹni tí ń wò ó ju òṣùpá àárín ọ̀run lọ, nítorí pé bí ilẹ̀ ayé ti ń yí, ó ń gbé ẹni náà súnmọ́ òṣùpá ní ìwọ̀n tí ó lè tó 6,400 kìlómítà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, tí kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, òṣùpá lè gòkè dé orí ènìyàn gan-an, nítorí náà ìyàtọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré níbẹ̀. Nígbà tí oníròyìn bá wá ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n jáde ní ìrọ̀lẹ́ láti wo òṣùpá ràbàtà bí ó ti ń yọ, wákàtí tí òṣùpá jìnnà sí wọn jù lálẹ́ ọjọ́ náà ni ó ń pè wọ́n sí. Àwọn àwòrán tí a ń rí, tí òṣùpá ti tóbi ju ilé alájà púpọ̀ lọ, iṣẹ́ kámẹ́rà tí ó lè fa ohun òkèèrè súnmọ́ ni: ayàwòrán ti rìn jìnnà sí ilé náà kí ilé lè kéré, òṣùpá kò sì kéré sí i nítorí ìrìn náà. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣeé yà ní oṣù yòówù.

Ìpalára tí ó burú jù nínú èrò yìí ni ti àjálù. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ti Sumatra àti omi tí ó kún bo etíkun ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 2004, àwọn kan tọ́ka sí òṣùpá tí ó súnmọ́ ayé ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àrànmọ́jú ni òṣùpá ọjọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi ìjìnnà rẹ̀ jùlọ, ó lé ní 400,000 kìlómítà sí wa. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2011 tí ilẹ̀ Japan mì, òṣùpá kò tíì tó ìdajì, òṣùpá ràbàtà tí wọ́n di ẹ̀bi rù sì kù ọjọ́ mẹ́jọ kí ó tó dé. Bí a bá gba àsọtẹ́lẹ̀ láyè ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àti ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn, tí a sì ka àrànmọ́jú àti òṣùpá tuntun mọ́ ọn, àyè náà yóò gba ìdajì ọdún tán; àjálù wo ni kò ní bọ́ sínú irú àyè bẹ́ẹ̀? Ó burú kí a fi ikú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe ẹ̀rí fún ìṣirò tí kò dúró.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà èrò náà yóò sọ pé òṣùpá ní agbára lórí òkun, kò sì sí ẹni tí yóò jiyàn ìyẹn. Òòfà òṣùpá, ìyẹn agbára tí ó fi ń fa nǹkan mọ́ra, ni ó ń mú kí òkun kún kí ó sì fà sẹ́yìn lójoojúmọ́, oòrùn náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n tí kò tó ìdajì ti òṣùpá. Nígbà òṣùpá tuntun àti nígbà àrànmọ́jú, agbára àwọn méjèèjì a papọ̀, òkun a sì kún sí i. Agbára tí ń gbé òkun sókè yìí máa ń yí padà gidigidi pẹ̀lú ìjìnnà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lé ní ìdá mẹ́rin kan ní ibi ìsúnmọ́ jùlọ ju bí ó ti rí ní ìjìnnà àárín lọ. Ṣùgbọ́n àlékún tí èyí ń mú bá gíga omi ní ọ̀pọ̀ etíkun ayé jẹ́ ohun tí a ń fi sẹ̀ǹtímítà kà. Ìjì tí ń ti omi bọ̀ ni ó ń wó ilé. Àwọn onímọ̀ ní Japan, tí Satoshi Ide ṣáájú wọn, tilẹ̀ fi hàn ní 2016 pé ó ṣeé ṣe kí ìmìtìtì ilẹ̀ kékeré di ńlá nígbà tí agbára ìkún òkun bá pọ̀ lórí ilẹ̀ tí ó ti fẹ́ sán tẹ́lẹ̀. Ìwádìí tí ó yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dá lórí agbára ìkún òkun, èyí tí ń dé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ní gbogbo ọdún. Kò sọ ohun kan nípa ìlà 90 tí awòràwọ̀ fà. Ní Ayétòrò, ní etíkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, òkun ti ń jẹ ilẹ̀ àti ilé láti ọ̀pọ̀ ọdún wá láìdúró de àrànmọ́jú kankan. Ẹni tí ó bá di irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ lé òṣùpá lórí ń dá àwọn tí ó yẹ kí wọ́n dáàbò bo etíkun láre.

Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ó lágbára ju gbogbo èyí lọ, kò sì yẹ kí a fò ó. Bí ìrísí àti ìjìnnà bá jẹ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ni ó dé tí àwọn ìsúnmọ́ tí ó pọ̀ jùlọ fi máa ń bọ́ sí àrànmọ́jú tàbí òṣùpá tuntun, tí wọn kì í bọ́ sí ìdajì òṣùpá? Òótọ́ ni pé nígbà tí ibi ìsúnmọ́ bá bọ́ sí ìdajì òṣùpá, nǹkan bí 370,000 kìlómítà ni òṣùpá máa ń wà sí wa, kì í ṣe 356,400. Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ oòrùn. Bí a bá ṣírò rẹ̀, òòfà oòrùn lórí òṣùpá ju ti ilẹ̀ ayé lórí rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Ilẹ̀ ayé àti òṣùpá jùmọ̀ ń yí oòrùn po ni, ipa ọ̀nà òṣùpá yí oòrùn ká kò sì fìgbà kan tẹ̀ kúrò níhà ọ̀dọ̀ oòrùn. Nígbà tí gígùn ipa ọ̀nà òṣùpá yí ayé ká bá kọjú sí oòrùn, oòrùn a tún fà á gùn sí i, ibi ìsúnmọ́ a súnmọ́ wa sí i, ibi ìjìnnà a sì jìnnà sí i. Nígbà tí gígùn náà bá dábùú níwájú oòrùn, ipa ọ̀nà a padà fẹ́rẹ̀ẹ́ di òbìrìkìtì. Bí ọjọ́ 206 ni ó wà láàárín ìgbà kan tí ó bá kọjú sí oòrùn àti èkejì.

Ìmọ̀ yìí kò ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo wá, ìtàn rẹ̀ sì dára ju ìròyìn òṣùpá ràbàtà èyíkéyìí lọ. Ptolemy, ní Alexandria ní ọ̀rúndún kejì, rí i pé ìrìn òṣùpá ń yí padà bí igun tí ó wà láàárín òun àti oòrùn ti ń yí padà, ó sì ṣe àgbékalẹ̀ ìṣirò tí ó lè sọ ibi tí òṣùpá yóò wà. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà béèrè pé kí ìdajì òṣùpá súnmọ́ ayé nígbà mìíràn débi pé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ ní ìlọ́po méjì òṣùpá àrànmọ́jú, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹni tí ó ní ojú ni ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kí Ibn al-Shatir, olùṣọ́ àkókò ìrun ní Mọ́ṣáláṣí àwọn Umayyad ní Damascus, tí ó kú ní 1375, tó tún un ṣe. Ìṣirò òṣùpá tí Copernicus tẹ̀ jáde ní 1543 sì bá tirẹ̀ mu. Jeremiah Horrocks, ọ̀dọ́mọkùnrin ará England tí ó kú ní 1641, ni ó fún òṣùpá ní ipa ọ̀nà gígùn tí gígùn rẹ̀ ń pọ̀ tí ó sì ń dín kù. Newton sọ ní 1687 pé òòfà oòrùn ni ó fà á, àmọ́ nígbà tí ó ṣírò bí gígùn ipa ọ̀nà náà ti ń yí kiri, ìdajì ohun tí ojú ń rí ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì di 1749 kí Clairaut, ará Faransé, tó kéde pé òfin Newton tó láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, bí a bá ṣe ìṣirò náà dé ìpẹ̀kun. Ohun tí ìwé ìròyìn fi ń ṣe ìran wíwò ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi ìgbésí ayé wọn wá ìdí rẹ̀.

Ìjìnnà òṣùpá sí oòrùn fúnra rẹ̀ sì tún já èrò mìíràn ní koro, ìyẹn pé òṣùpá tuntun súnmọ́ oòrùn ju àrànmọ́jú lọ nígbà gbogbo. Nínú oṣù kan náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 770,000 kìlómítà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ máa ń wà ní 147.1 mílíọ̀nù kìlómítà sí oòrùn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní, ó sì máa ń wà ní 152.1 mílíọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, nítorí náà àrànmọ́jú oṣù Kìn-ín-ní súnmọ́ oòrùn ju òṣùpá tuntun oṣù Keje lọ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 4 kìlómítà.

Iṣẹ́ gidi tí ìjìnnà ń ṣe wá kù. Ó hàn nígbà tí òṣùpá bá bo oòrùn. Bí òṣùpá bá súnmọ́ wa, ó bo oòrùn tán, ọ̀sán a sì dòru, bí ó ti rí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2006 nígbà tí òjìji rẹ̀ gba Ghana, Tógò, Benin àti apá kan Nàìjíríà kọjá, ní ọjọ́ kejì tí òṣùpá kúrò ní ibi ìsúnmọ́. Bí ó bá jìnnà, kò lè bo oòrùn tán, òrùka iná a sì yọ yí i ká, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí i ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2023. Níbí, ìyàtọ̀ ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ya òkùnkùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì nílò kí a sọ fún òun kí òun tó mọ̀.

Èyí tí ó kan ìgbé ayé àwọn ènìyàn jù ni ti ìyára. Bí òṣùpá bá ti súnmọ́ ayé ni ó ń yára sí i. Ní ibi ìsúnmọ́, ó lè fi ohun tí ó lé ní dìgírì 15 rìn lójú ọ̀run lọ́jọ́ kan. Ní ibi ìjìnnà, kì í ju nǹkan bí 12 lọ. Nítorí èyí ni oṣù kan fi lè jẹ́ ọjọ́ 29.27, tí òmíràn yóò sì jẹ́ 29.83, ìyàtọ̀ tí ó ju wákàtí 13 lọ. Nítorí rẹ̀ náà ni àrànmọ́jú fi lè dé kí òṣùpá tó pé ọjọ́ 14, tí ó sì lè di ọjọ́ 15 àti ààbọ̀ nígbà mìíràn. Ẹ wo àríyànjiyàn tí ń wáyé láàárín àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí ààwẹ̀ Rámádánì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí àwọn kan ń ka wákàtí tí òṣùpá ti lò láti ìgbà tí ó ti di tuntun, tí wọ́n sì ń sọ pé òṣùpá tí ó ti pé wákàtí báyìí gbọ́dọ̀ ṣeé rí. Òṣùpá tuntun kò lè hàn sí ojú títí yóò fi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn dé ìwọ̀n kan. Onímọ̀ ará Faransé kan, André Danjon, fi ìwọ̀n tí ó kéré jùlọ sí nǹkan bí dìgírì 7, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti kúrò dé dìgírì 10, tí a bá yọ ìrìn oòrùn fúnra rẹ̀ kúrò, òṣùpá tí ó wà ní ibi ìsúnmọ́ nílò bí wákàtí 17. Èyí tí ó wà ní ibi ìjìnnà nílò bí 22. Òṣùpá méjì tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ wákàtí 18 kò dọ́gba rárá: ọ̀kan lè hàn kedere lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kí èkejì má tíì kúrò nínú ìtànṣán rẹ̀. Bí a ti ń kéde ọjọ́ orí òṣùpá ní alẹ́ tí Ṣàábánì, oṣù tí ó ṣáájú Rámádánì, pé ọjọ́ 29, láìsọ ìjìnnà rẹ̀ sí ilẹ̀ ayé lálẹ́ ọjọ́ náà, ìdajì ohun tí ó yẹ kí àwọn tí ń wo ojú ọ̀run mọ̀ ni a ń sọ fún wọn.